Ọkùnrin Tó Gbé Òkété Mọ́ra

Ọjọ́ tí Sharon gbé fóònù rẹ̀ ka orí tábìlì ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì, oúnjẹ ló gba Kúnmi lọ́kàn. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ebi ń pa á, ó sì mọ̀ pé Sharon kì í pẹ́ rí nǹkan tó máa fi han èèyàn. Ọmọ Jàmáíkà làwọn òbí Sharon, ṣùgbọ́n Ẹ̀ńgíláǹdì ni wọ́n bí i sí, ní ìlú kan létí òkun lápá àríwá, kó tó fẹ́ ará Amẹ́ríkà tó gbé e wá sí New York. Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko kan tó wà ní ìlú wọn láyé àtijọ́ ló ń sọ lọ́jọ́ náà. Ọgbà ọ̀hún ti kógbá wọlé tipẹ́, wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà sórí ilẹ̀ rẹ̀, àmọ́ àwọn àgbàlagbà ìlú náà kóra jọ sórí Facebook, wọ́n ń bára wọn rántí àwọn ẹranko àràmàǹdà tí wọ́n rí níbẹ̀ ní kékeré.

Ó ń kà á fún wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan rántí béárì funfun tó máa ń rìn yí ojú kan náà po láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbẹ́ ipa sílẹ̀. Ẹlòmíì rántí kangarú tó ń bá èèyàn ja ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ìnàkí kan wà tí wọ́n ń wọ̀ ní kóòtù, tí wọ́n ń jókòó yí tábìlì ká mu tíì, tí èyí tó kéré jù nínú wọn sì máa ń da tíì tirẹ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú wọn lára.

Sharon ní kí wọ́n wo òmíràn. Kúnmi na ọrùn.

Àwòrán àtijọ́ ni, èyí tí kò ní àwọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró níwájú àgò onírin. Wọ́n ró màrìwò mọ́ ọn nídìí, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n sì fi ẹfun fa ìlà sí i láyà bí ẹni tó fẹ́ bọ òrìṣà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ó gbé òkété kan mọ́ra, òkété bàǹtà-banta tí ìrù rẹ̀ gùn bí okùn. Lókè orí wọn, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì pé eku ńlá inú igbó Áfíríkà nìyí, pẹ̀lú ọmọ igbó tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìlà pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà. Orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Kúnmi fà mọ́ fóònù náà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbórí nìyẹn láti ìgbà tó ti gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Lazarus Àdìgún, ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún, tó fi sílẹ̀ nídìí rédíò nílé wọn ní Parkchester láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ló ṣí àyà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tó gbé òkété, tó ń rẹ́rìn-ín sí òyìnbó.

Imani ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ Harlem ni Imani, ilé àwọn olórìṣà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ṣeré. Ó ní ní Bronx níbí náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti ọkùnrin kan láti Kóńgò mọ́ ilé ọ̀bọ nínú ọgbà ẹranko káwọn èèyàn lè máa wá wò ó. Ó ní tipátipá ni wọ́n fi ti ìyẹn mọ́bẹ̀. Ó wá fìka kan àwòrán náà.

"Èyí ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Irú ọkùnrin wo ló máa dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n ṣe òun báyìí?" Ó yíjú sí Kúnmi. "Ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́. Ìlà yẹn ò jọ ti ọ̀dọ̀ yín?"

Kúnmi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò jọ ọ́," ó dáhùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó jọ ará Gánà."

Sharon wò ó. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kò sì ka nǹkan kan mọ́.

Nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, Kúnmi jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún nígbà yẹn kì í ṣe irọ́ tó pa. Bàbá rẹ̀ ló ń bínú sí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni bàbá náà ní Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó ń lọ aṣọ rẹ̀ tí eṣinṣin ò lè bà lé e, tí kì í jẹun lójú títì, tí kì í jẹ́ káwọn ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ nu imú. Ìtàn Ẹ̀ńgíláǹdì tó ń sọ fún wọn ní kékeré, ìtàn yìnyín ni, ìtàn ilé ìkàwé ni, ìtàn olùkọ́ kan tó máa ń pè é ní Mísítà Àdìgún ni. Ìtàn yẹn ni Kúnmi náà ń gbé kiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó kún fún ọmọ Nàìjíríà, Daddy Ẹ̀ńgíláǹdì ni wọ́n ń pe bàbá náà, inú Kúnmi sì máa ń dùn tí wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣé òkété ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀? Òkété tí wọ́n ń yan jẹ nílé!

Nígbà tó wọlé, bàbá rẹ̀ ti gbé ọbẹ̀ kaná dè é. Ó kí i kú iṣẹ́, ó bi í bóyá àwọn aláìsàn jẹ́ kó sinmi. Kúnmi dáhùn tán lọ́rọ̀ kan, ó gbé àwo wọ yàrá.

Bó ṣe ń bá a lò nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò bú u, kò ṣe é níkà, àmọ́ ó fa ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó gbá iná mú. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni ti dókítà ojú. Ilé ìwòsàn tí Kúnmi ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá náà lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó padà sí fún àyẹ̀wò. Kúnmi ro bó ṣe máa gba iwájú yàrá àwọn nọ́ọ̀sì kọjá pẹ̀lú ìlà pélé yẹn, tí Imani á gbójú sókè. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé dókítà ti rìnrìn àjò. Ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ní Queens, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì jókòó pẹ́ lórí àga líle. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, bàbá náà di apá rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Kúnmi, o ṣeun. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi ẹ lo fi sí i." Kúnmi ní kò tọ́pẹ́. 

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá ní òun ò tíì fẹ́ wọlé. Wọ́n jókòó sórí ìjókòó ní gbangba ibi tí omi ti ń tú sókè láàárín àwọn ilé bíríkì Parkchester. Oòrùn mú díẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré wá, ó ṣa búrẹ́dì tí ọmọdé kan dà sílẹ̀, ó ń kó o sẹ́nu. Bàbá ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó ní, "Ẹnu eléyìí ò gba nǹkan kan. Òkété ló lẹ́nu. Odindi ọwọ́ ẹ̀pà ló ń kó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, á wá máa wò ẹ́ bí ẹni tí ò jẹ nǹkan."

Kúnmi yíjú sí i.

Bàbá ní, "Mo tọ́ ọ̀kan rí, ní Ẹ̀ńgíláǹdì. Màmá yín ni kò fẹ́ kí n máa sọ ọ́. Ó ní wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín níléèwé."

Ó sì sọ ọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ọdún kìíní tó dé ìlú òyìnbó ni. Iléèwé ti gba ìsinmi, gbogbo ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí òkun yẹn ló sì ń sọ fún un pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Ẹni tó ni ọgbà ẹranko rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá Áfíríkà ló ti wá, ó ní ẹranko kan tó wá láti ọ̀dọ̀ wọn ń bẹ lọ́dọ̀ òun tó ń bu gbogbo èèyàn jẹ. Bó bá lè tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ wà. Lazarus ní òun lè tọ́jú rẹ̀. Irọ́ ló pa. Ọmọ ìgboro Ìbàdàn ni, inú ọbẹ̀ ló ti mọ òkété. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹranko náà já a ní àtàǹpàkò jẹ dé egungun.

Wọ́n jọ kọ́ ara wọn ni. Òkété kì í jáde lójú ọ̀sán, àwọn èrò ìwòran á sì máa kùn pé àwọn ò rí nǹkan kan. Lazarus á wá jókòó síwájú ihò rẹ̀, á di ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí imú rẹ̀ fi máa yọ. Àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ lórúkọ kan, àmọ́ Àdùkẹ́ lòun ń pè é. Nígbà tó ṣe, tí òkété náà bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ló máa jáde, á gun apá rẹ̀, á ki orí bọ abẹ́ abíyá rẹ̀.

Bàbá náà ní, "Kò sẹ́lòmíì tí mo ń bá sọ Yorùbá ní gbogbo ìlú yẹn. Òun nìkan ni. Tí mo bá gba lẹ́tà láti ilé, òun ni mò ń kà á fún."

Nígbà tí ìsinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òtútù pa Àdùkẹ́. Ẹni tó ni ọgbà fẹ́ kó wá máa tọ́jú àwọn ìnàkí, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó tọrọ òkú òkété náà, ó sin ín sẹ́yìn ilé èédú, ó sì padà sí iléèwé rẹ̀. Kò mẹ́nu ba màrìwò. Kò mẹ́nu ba ẹfun. Kúnmi retí rẹ̀ títí, kò gbọ́ ọ.

Ó wá sọ fún un pé àwòrán kan wà. Ó wá a jáde lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e fún un. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sún fóònù náà mọ́ ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kó bá òun fẹ ojú rẹ̀ sí i, Kúnmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ojú ọmọkùnrin náà.

"Rárá," bàbá náà wí. "Ojú Àdùkẹ́ ni."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òun ò ní àwòrán rẹ̀ kankan láti ọjọ́ yìí. Ó béèrè ẹni tó rí i. Kúnmi sọ fún un nípa Sharon, ó ní òun àti àwọn mìíràn ni Sharon fi hàn níbi iṣẹ́.

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

Kúnmi gbé ojú sí omi tó ń tú sókè. "Mo ní bàbá mi nìyẹn."

Ojú arúgbó náà tàn. Ó gbá a lẹ́yìn ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn àgbà kúkú sọ ọ́ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó ní kó bá òun pe Sharon wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kóun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú kojú.

Kúnmi ò rí oorun sùn dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé, ó fa Sharon sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, àmọ́ Sharon ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Mo mọ̀," Sharon wí. "Mo ti mọ̀ kí n tó mú un wá."

Ó ní nígbà tí bàbá náà wá ṣe ojú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun ló jókòó tì í kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ó gbọ́ ohùn Ẹ̀ńgíláǹdì lẹ́nu òun, ó bi òun ní ìlú òun, nígbà tí òun sì dárúkọ rẹ̀, ó ní òun tọ́ òkété kan níbẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni Sharon ti ń wá àwòrán ọgbà yẹn kiri. Nígbà tó rí i, ó rò pé inú Kúnmi máa dùn, pé ó máa fò sókè níwájú gbogbo wọn. Ó ní kó má bínú, pé ó yẹ kóun ti fi hàn án ní ìkọ̀kọ̀, pé òun ò ronú kan pátákó yẹn.

Kúnmi ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti ń rìn káàkiri pẹ̀lú Sharon, tí wọ́n jọ ń gbé aláìsàn, tí wọ́n jọ ń mu kọfí, obìnrin yìí mọ̀ pé ó sẹ́ bàbá rẹ̀ lójú òun.

Sátidé pé. Sharon gbé kéèkì wá. Bàbá ti wọ agbádá funfun láti òwúrọ̀, ó ti fi ìpara pa ẹsẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ po tíì. Ó sọ ìtàn Àdùkẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, ó fi àpá àtàǹpàkò rẹ̀ hàn án. Sharon rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọ̀rọ̀, ó sọ ibi tí ilé èédú yẹn wà nígbà tó wà lọ́mọdé. Inú bàbá dùn gan-an. Bó ṣe ń da tíì kejì fún àlejò rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Ọmọ mi yìí ló sì mórí mi wú jù. Ó sọ fún mi bó ṣe dìde láàárín yín tó ní bàbá òun nìyẹn."

Sharon wo inú ife rẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kúnmi rí i pé ó máa bo òun mọ́lẹ̀ bí òun bá dákẹ́, pé kéèkì á tán, tíì á tán, irọ́ á sì di ọ̀rọ̀ ilé. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Daddy, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ̀ yín rí. Mo ní ẹ jọ ará Gánà."

 Bàbá gbé ìkòkò tíì náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Orí rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì.

"Ṣé ìdí tá a fi lọ sí Queens nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, kí àlejò má baà gbọ́. "Dìde. Àlejò wà nílé." Ó gé kéèkì fún Sharon, ó bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, ó bọ́ agbádá, ó ká a dáadáa, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò bínú bí àwọn bàbá ṣe ń bínú. Ì bá sàn fún Kúnmi kó bínú. Ó ń kí i, ó ń gbé ọbẹ̀ kaná dè é, àmọ́ kò pè é wá gbọ́ ìròyìn mọ́, kò sì béèrè fóònù. Kúnmi lọ bá Imani níbi iṣẹ́, ó sọ fún un pé bàbá òun ni ọkùnrin yẹn. Imani bo ẹnu, ó ní kó foríji òun. Kúnmi ní kò ṣẹ òun, òun ló ṣẹ ara òun.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà lórí Facebook, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: pé orúkọ ọkùnrin yìí ni Lazarus Àdìgún, pé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni, pé ó ń bẹ láàyè ní Bronx, pé bàbá òun ni. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò mọ̀ bóyá bàbá á fẹ́ gbọ́ ọ. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn kan rántí Àdùkẹ́. Bàbá sún fún un lórí ibùsùn.

Ó ń kà á, bàbá ń gbọ́. Àwọn tó rántí béárì àti kangarú, kò bìkítà fún wọn. Ọ̀kan rántí pé òkété náà gba bísíkíìtì lọ́wọ́ òun, ìyẹn pa bàbá lẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti obìnrin àgbàlagbà kan. Ó ní ọmọ kékeré lòun nígbà náà, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì bi màmá òun bóyá òtútù ò mú ọkùnrin yẹn. Màmá òun ní òtútù kì í mú irú wọn. Ó ní láti ìgbà náà lòun ti fẹ́ bi í fúnra rẹ̀.

 Kò yẹ kí Kúnmi ka ìyẹn. Bàbá wo ojú fèrèsé, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kọjá nísàlẹ̀, ó sì wò ó títí tí Kúnmi fi fẹ́ pa fóònù náà.

"Kọ ọ́ sí i," ó wí. "Òtútù mú mi. Ó mú mi gan-an."

Kúnmi kọ ọ́. Ó ṣi lẹ́tà tẹ̀, ó tún un ṣe.

"Kó o fi kún un pé ó mú Àdùkẹ́ náà."